Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Fíìmù Adẹ́rùbani Kékeré Láàárín Wákàtí 48, Láìsí Owó Rẹpẹtẹ

Aago méjì òru ni. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, hẹ́dífóònù wà létí mi, mò ń to ìró mọ́ àwòrán. Àwòrán tó wà níwájú mi ò ní nǹkan kan nínú ju òpó ilẹ̀kùn kan lọ, nínú òkùnkùn. Mo wá gbé ìró pẹ́ńsù tó ń fa ìlà lára igi sí i: kẹ̀rẹ̀... kẹ̀rẹ̀... Orí mi wú. Mo yára bojú wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi náà ni mo fa pẹ́ńsù yẹn lára tábìlì lọ́sàn-án gangan, tí mo fi fóònù gba ìró rẹ̀ sílẹ̀!

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, orí ìyẹn ló dúró lé: etí ló ń kọ́kọ́ bẹ̀rù, ojú á wá tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí fíìmù adẹ́rùbani fi jẹ́ irú èyí tí aláìlówó lè ṣe tí ojú ò ní tì í. Ohun tí kò hàn ló ń bani lẹ́rù jù, ohun tí kò hàn ò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á fi gbogbo àkókò wọn kun ojú iwin ní ọ̀dà, á wá ku wákàtí kan péré kí wọ́n tó rántí pé fíìmù ní ìró.

Ìdíje kan tó sọ irú iṣẹ́ kánmọ́kánmọ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ni 48 Hour Film Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 2001. Wọ́n á sọ irú ìtàn tẹ́ ẹ máa ṣe fún yín, wọ́n á fún yín ní ẹ̀dá ìtàn kan, ohun èlò kan àti gbólóhùn kan tó gbọ́dọ̀ jáde nínú rẹ̀, wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ lọ. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́rin sí méje ni wọ́n ń retí. Bóyá ìdíje lẹ ń lọ o, bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún ara yín ní gbèdéke, wákàtí 48 ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n níbí. Bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kàn fẹ̀ ẹ́ lójú ni.

Ẹ pín àkókò kẹ́ ẹ tó ronú ìtàn

Ká ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa ń pín in rèé:

Ọjọ́ Ẹtì, aago 7 sí 11 alẹ́: ìtàn, àti àkọsílẹ̀ gbogbo àwòrán tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Lẹ́yìn náà, oorun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8 àárọ̀ sí 7 alẹ́: yíya fíìmù.

Aago 8 alẹ́ sí 12 òru: kíkó iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà àti títò ó lóréfèé. Oorun.

Ọjọ́ Àìkú, aago 8 sí 11 àárọ̀: títò tó kẹ́yìn. Tí aago 11 bá ti lù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwòrán mọ́.

Aago 11 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́: ìró, ìró, ìró.

Aago 4 sí 5: ẹ kó fíìmù jáde, ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Aago 5, ẹ fi í ránṣẹ́.

Wákàtí méjì ṣẹ́ kù. Ẹ má fi ṣe nǹkan kan. Nígbà kan, fíìmù wa ń gòkè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti dé ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré la fi pẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló sì já wa kúrò nínú ìdíje.

Ẹ lè bi mí pé kí lèmi ń ṣe ní aago méjì òru tí mo fi ń ní kẹ́ ẹ sùn. Ìgbà yẹn gan-an ni mo kọ́gbọ́n. Ẹni tí oorun ń kùn ló máa ń pa fáìlì tí kò yẹ kó pa rẹ́.

Kí aago tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti kó èèyàn yín jọ, ẹ ti mọ ilé tẹ́ ẹ máa lò, ẹ ti gba àyè lọ́wọ́ onílé, ẹ ti ki iná sí gbogbo bátìrì, ẹ sì ti nu gbogbo nǹkan tó wà lórí fóònù tàbí mẹ́mórì káàdì kúrò. Àwọn ìdíje kì í sábà bínú sí ìyẹn. Ìtàn nìkan ni kì í yẹ kó ti wà nílẹ̀.

Ìtàn: ohun tó wà nílé ni kẹ́ ẹ fi ṣe é

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ lè wọ̀ lọ́la láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti ṣèlérí pé òun á wá, kì í ṣe àwọn tó ní "màá wò ó ná." Ẹ wá kọ ohun èlò mẹ́wàá tó wà nínú yàrá tẹ́ ẹ jókòó sí. Inú bébà yẹn ni ìtàn yín wà. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ìtàn tó ní ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ ojú irin nínú, àárọ̀ Sátidé ni yóò fi máa wá ilé ìwòsàn kiri.

Ohun tó wà lórí bébà tiwa lọ́jọ́ tá a ṣe fíìmù pẹ́ńsù yẹn ni obìnrin òṣèré kan, yàrá méjì tó ṣófo nítorí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde, àti pẹ́ńsù. Èyí la fi ṣe ìtàn:

Obìnrin kan kó dé ilé tuntun. Lára òpó ilẹ̀kùn yàrá, ó rí àmì tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà, irú èyí táwọn òbí fi ń wọn bí ọmọ ṣe ń ga sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilẹ̀ mọ́, àmì kejì ti wà lókè ti àkọ́kọ́. Ó rò pé òun ò kíyè sí i lánàá ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìkẹta ti dé èjìká rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìkẹrin ti kọjá orí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fẹ̀yìn ti òpó náà kó lè mọ bí ohun tó ń dàgbà nínú ilé rẹ̀ ṣe fi ga jù ú lọ tó. Pẹ́ńsù wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, a rí i. A wá gbọ́ ọ lókè orí rẹ̀: kẹ̀rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Fíìmù parí.

Ẹ kíyè sí i pé a ò fi iwin kankan hàn. A ò sọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Èèyàn kan nínú wa fẹ́ ká fi ìran kan sí i tí aládùúgbò á ti wá rojọ́ pé ọmọ kan kú síbẹ̀ rí. A bá a jà títí ó fi gbà. Gbàrà tẹ́ ẹ bá ti ṣàlàyé ohun tó ń dẹ́rù bani, ó ti di ìṣòro tó ní ojútùú nìyẹn, ẹ̀rù ò sì bani mọ́.

Bí ìtàn náà ṣe rìn ni kẹ́ ẹ wò. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń yí padà, ìyẹn gíga àmì náà. Ìgbà àkọ́kọ́, òǹwòran rí i. Ìgbà kejì, ó fura. Ìgbà kẹta, ó ti mọ bó ṣe ń lọ, ó sì ti ń dúró de ìkẹrin pẹ̀lú ẹ̀rù. Ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wá bù ú ní ibi tí kò fojú sí: ó ń retí àmì, ìró lẹ fún un. Nítorí náà, ìparí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Bí ìparí ò bá tíì bà yín lẹ́rù bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún ara yín lẹ́nu lásán, ẹ wá òmíràn.

Ojú ewé kan nínú ìwé eré máa ń tó ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù. Ṣùgbọ́n ti adẹ́rùbani máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé "ó ń rìn lọ síbi ilẹ̀kùn" lórí ìwé kò ju ìlà kan lọ, ó sì lè gbà tó ogójì ìṣẹ́jú àáyá tó bá dójú kámẹ́rà. Ojú ewé mẹ́ta la kọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀ ló jẹ́.

Ẹ sá fún ọmọdé, ẹranko, omi, mọ́tò tó ń rìn àti ìta gbangba lálẹ́. Kì í ṣe pé wọn ò dáa. Àkókò ni wọ́n ń jẹ.

Àwọn tẹ́ ẹ máa bá ṣe é

Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ogún á fọ́ igbá ni. Èèyàn márùn-ún tó: olùdarí, ẹni tó di kámẹ́rà mú, ẹni tó ń mójú tó ìró, òṣèré, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo aago, kó rí i pé gbogbo ènìyàn jẹun, kó sì máa fi fóònù ya bí nǹkan ṣe wà kí wọ́n má bàa yí padà láàárín àwòrán kan sí òmíràn. Ẹni ìkarùn-ún yìí gbọ́dọ̀ ní ẹnu láti sọ fún olùdarí pé "ó tó, ẹ jẹ́ ká sún síwájú." Tí kò bá lè sọ ọ́, ẹ wá ẹlòmíì.

Bí ẹ ò bá ju ẹni mẹ́ta lọ, ẹ da iṣẹ́ olùdarí àti ti kámẹ́rà pọ̀. Ẹ má da ti ìró mọ́ nǹkan kan.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí òṣèré àti onílé fọwọ́ sí i pé àwọn gbà kẹ́ ẹ lò wọ́n nínú fíìmù. Ẹ sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé igbe lè ta, kí wọ́n má bàa pe ọlọ́pàá. Ìbọn ìṣeré àti ọ̀bẹ ìṣeré, ẹ má gbé wọn jáde síta rárá, torí ẹni tó rí i láti òkèèrè ò lè mọ̀ pé ìṣeré ni. Ohun ìjà tòótọ́ ò sì gbọ́dọ̀ wọ ibi iṣẹ́.

Yíyà á

Ẹ kà á: ká ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà síbi tuntun, gba ogún ìṣẹ́jú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n á gba wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú. Wákàtí mọ́kànlá lẹ ní, ẹ ó jẹun, ẹ ó kó ẹrù láti yàrá kan sí ìkejì, nǹkan kan á bàjẹ́. Nítorí náà, àwòrán 25 ni òpin. Bí àkọsílẹ̀ yín bá jẹ́ 40, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kẹ́ ẹ gé e kù, nígbà tí kò tíì dun yín.

Ẹ má ya á bí ìtàn ṣe tò ó. Gbogbo àwòrán tó kọjú sí ilẹ̀kùn, ẹ yà wọ́n tán kẹ́ ẹ tó yí iná padà sódì kejì. Àwòrán ìparí, ẹ jẹ́ kó wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa yà. Nínú fíìmù tí mo kọ́kọ́ ṣe, a fi ìparí sí ìgbẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa kàn án, òṣèré wa ti ń wo aago, bátìrì kan ló kù, èmi náà sì ti gba ohunkóhun tó bá wá. Ó hàn. Gbogbo fíìmù yẹn ló dáa àyàfi ìṣẹ́jú tó yẹ kó dáa jù.

Èyí dá wàhálà kan sílẹ̀ fún wa nínú ti pẹ́ńsù: bí ìparí bá ṣíwájú, àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ti wà lára òpó kí ẹyọ kan tó wà. Ohun tá a ṣe nìyí. A fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀, a ya fọ́tò òpó náà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ya ìparí, a wá fi aṣọ tútù nu wọ́n kúrò láti òkè wá sílẹ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, bá a ṣe ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Òpó náà ní ọ̀dà funfun tó ń dán, ìdí nìyẹn tó fi nù mọ́. Lára igi tí kò ní ọ̀dà, ì bá ti ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ẹ dán ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa rẹ́ wò ní kọ̀rọ̀ kan kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ní ti kámẹ́rà, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó. Ọ̀tá yín ni pé fóònù ń gbìyànjú láti ràn yín lọ́wọ́: tó bá ti rí òkùnkùn, yóò máa tan án mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí ìgbà tí yanrìn ń hó lójú àwòrán. Ẹ lo áàpù tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pinnu nǹkan. Blackmagic Camera wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún iPhone àti Android. Ẹ fi í sí férémù 24 (ìyẹn fọ́tò kéékèèké tó ń para pọ̀ di fíìmù) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ṣọ́tà, ìyẹn bí férémù kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ pẹ́ tó, sí 1/48 tàbí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 60 Hz (tó ń yí nígbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ lo 1/60, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn gílóòbù míì á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Ẹ fa ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó) wálẹ̀, ẹ ti fókọ́ọ̀sì àti white balance (ohun tó ń pinnu bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe máa hàn) pa kí wọ́n má bàa máa yí padà fúnra wọn. Ẹ nu ojú kámẹ́rà (ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ nù ún), ẹ fi fóònù sí ipò tí ìpè ò ti lè wọlé. 1080p, ìyẹn ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ ketekete tó, ti tó. 4K tó ga jù ú lọ á kàn kún ibi ìpamọ́ yín ni, á sì fa kọ̀ǹpútà yín sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń to iṣẹ́.

Òkùnkùn inú fíìmù kì í ṣe àìsí iná. Iná kan ni, tẹ́ ẹ gbé síbi tó yẹ. Ẹ má tàn án láti ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, torí á tẹ́ gbogbo nǹkan pẹrẹsẹ bíi fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣèré, tàbí sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, kí ìlàjì ojú rẹ̀ wà lókùnkùn. Bí òkùnkùn yẹn bá ti pọ̀ jù, ẹ mú bébà funfun ńlá kan sí òdì kejì kó dá díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ padà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí iná wà ní yàrá kejì, kí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tín-ínrín kan gba ibẹ̀ wọlé. Tọ́ọ̀ṣì kan ló ṣe é.

Òru ò sì ní láti jẹ́ òru. Ẹ fi ọ̀rá dúdú tàbí aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé, ẹ lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri, aago mọ́kànlá àárọ̀ ti di aago mẹ́ta òru nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé dà bíi ti òṣùpá, ẹ fi white balance sí 3200K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí 5600K, á wá hàn bíi búlúù. Ẹ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó parí.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí àyè ṣófo lẹ́yìn òṣèré. Òǹwòran ò ní wo òṣèré mọ́, àyè òfìfo yẹn ni yóò máa wò, yóò máa dúró de ohun tó máa yọ níbẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa dúró. Kí kámẹ́rà dúró gbári, kí ẹ sì ka ení, èjì, títí dé àrún-ún nínú ọkàn kẹ́ ẹ tó ní kí òṣèré bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́yìn tó bá ṣe tán. Ẹ máa dúpẹ́ ìṣẹ́jú àáyá wọ̀nyẹn lọ́wọ́ ara yín lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Bó bá pọn dandan, ṣíróòpù glucose, àwọ̀ pupa tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ, kòkó lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ kó má bàa pọ́n jù, àti ẹ̀kán àwọ̀ búlúù kan. Ẹ dán an wò lára awọ ọwọ́ òṣèré ṣáájú, kó má kan ojú rẹ̀, kí ẹ sì ní aṣọ méjì tó jọra, torí àwọ̀ yẹn kì í sábà fọ̀ mọ́.

Ìró: ibi tí fíìmù yín wà gan-an

Níbi tẹ́ ẹ ti ń yà á, ẹ pa fáànù, ẹ pa fíríìjì. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tàbí ti ilé yín sínú fíríìjì náà kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ ò ní lè lọ sílé láìṣí i, ẹ ó sì rántí tàn án padà. Ọgbọ́n àtijọ́ àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni, mi ò sì tíì rí èyí tó dáa jù ú lọ.

Ẹ má gbára lé máíkì fóònù tó ń ya àwòrán, ó jìnnà jù. Ẹ wá fóònù kejì, ẹ tan ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi í sí àpò àyà òṣèré tàbí sẹ́yìn ohun kan tí kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọwọ́ ti kan ọwọ́ lẹ ó fi so ìró mọ́ àwòrán.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀. Òun lẹ ó fi dí gbogbo àlàfo nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó, òun sì tún ni ohun ìjà yín, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ti àwòrán pa, ẹ ṣe ìró ní ìpele. Ìdákẹ́jẹ́ yàrá ló ń ṣáájú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀, aṣọ, èémí, ilẹ̀kùn. Gbogbo èyí, ẹ tún wọn ṣe nílé pẹ̀lú máíkì tó sún mọ́ ọn dáadáa, torí ìró tó sún mọ́ etí jù bó ṣe yẹ lọ máa ń da ara láàmú. Pẹ́ńsù tiwa, orí tábìlì ni mo ti fà á, máíkì ò ju ìka mẹ́rin lọ sí i. Nígbà tí mo tẹ pẹ́ńsù náà jù, ó dún bí èékánná. Nígbà tí mo fà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dún bíi pé ẹnì kan ń fara balẹ̀ ṣe é, tó sì ń gbádùn rẹ̀. Èkejì ni mo lò.

Egungun tó kán? Kárọ́ọ̀tì, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì tútù wé e, ẹ ṣẹ́ ẹ. Ohùn ilẹ̀ tó ń kùn lábẹ́lẹ̀? Ẹ gba ìró fíríìjì tàbí fáànù yẹn sílẹ̀, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdajì. Ohùn á sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kítéfù kan gbáko, bí ìgbà téèyàn ti dò òkè bọ́ sí dò ìsàlẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé fíríìjì ni mọ́. Èémí tí ẹ yí sẹ́yìn, kó máa lọ láti òpin sí ìbẹ̀rẹ̀, dára púpọ̀ fún ohun tí kì í ṣe èèyàn. Audacity, áàpù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ìró ṣe, á ṣe gbogbo èyí láìgba owó.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Kí ohun tó ń dẹ́rù bani tó ṣẹlẹ̀, ẹ gé gbogbo ìró kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo rẹ̀, títí kan ìdákẹ́jẹ́ yàrá. Òǹwòran ò mọ̀ pé òun ti ń gbọ́ yàrá náà láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀. Á di èémí rẹ̀ mú láìmọ̀. Ìgbà náà ni kí pẹ́ńsù wá dún, kó má sì pariwo. Àwọn tó ń lo ariwo gbàà láti fi já àyà èèyàn, wọ́n ń rí ẹ̀rín gbà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ fi ìró kékeré dẹ́rù bà kì í rẹ́rìn-ín.

Ìró tàbí orin tẹ́ ẹ bá mú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tó wà ní Freesound, ìkànnì tí wọ́n ti ń pín ìró, ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. CC ni Creative Commons, irú àṣẹ tí ẹni tó ni iṣẹ́ máa ń fún àwọn míì láti lò ó. CC0, ẹ lò ó bó ṣe wù yín. CC BY, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ni ín. Èyí tó bá ní NC nínú, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi í pawó. Orin olórin gbajúmọ̀, ẹ má dán an wò.

Títò ó

Kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbi méjì. Ẹ ṣí fáìlì méjì mẹ́ta níbi kejì náà kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. DaVinci Resolve, áàpù tí wọ́n fi ń to fíìmù, ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó pé fún irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orí fóònù lọwọ́ yín ti yá, orí fóònù ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Òru iṣẹ́ kọ́ la ń kọ́ ohun èlò tuntun.

Ní alẹ́ Sátidé, ẹ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdúró tún nǹkan kan ṣe. Ẹ wò ó. Ẹ sùn. Láàárọ̀, ẹ pa ìró, ẹ tún wò ó: bí ìtàn náà ò bá yé èèyàn láìsí ìró, àwòrán kan ló sọ nù. Tiwa ò ní ibi tí obìnrin náà ti rí i pé pẹ́ńsù wà nílẹ̀. Láìsí ìyẹn, ìparí ò lè ṣiṣẹ́ rárá. A sáré padà lọ yà á, ilẹ̀ lásán àti pẹ́ńsù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ibi tó bá ti yẹ kí ẹ̀rù bà, ẹ jẹ́ kí àwòrán pẹ́ jù bí ara yín ṣe fẹ́ lọ. Tí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ gé e kíá. Mo ti rí i tí gígé férémù mẹ́ta kúrò sọ àwòrán kan tó ń pani lẹ́rìn-ín di ohun tó ń dáni níjì. Ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ ìtàn náà, ẹ fi hàn án, ẹ má wo fíìmù o, ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ibi tó bá ti wo fóònù rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó gé.

Ẹ má jẹ́ kó ṣókùnkùn jù. Orí kọ̀ǹpútà yín nínú yàrá dúdú, gbogbo nǹkan á hàn. Ẹni tó ń wò ó lórí fóònù nínú oòrùn, dúdú lásán ló máa rí. Ẹ gbé e lọ síta wò.

Ó kù díẹ̀

Ẹ kó o jáde ní MP4 (irú fáìlì fídíò), H.264 (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀), 1080p. Ẹ wo fáìlì tó jáde yẹn gan-an láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú hẹ́dífóònù, ẹ má wo inú ohun tẹ́ ẹ fi tò ó. Mo ti rí fíìmù tí ìlàjì rẹ̀ jáde láìní ohùn. Ẹ wo orúkọ fáìlì bóyá ó bá òfin ìdíje mu, ẹ wo àkọlé ìparí bóyá orúkọ gbogbo èèyàn pé, pàápàá ẹni tó wo aago. Ẹ fi í ránṣẹ́, ẹ dúró títí wọ́n á fi sọ pé ó ti dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ síbi tẹ́ ẹ ti yà á. Ẹ ká ọ̀rá dúdú kúrò lójú fèrèsé, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín nínú fíríìjì, ẹ nu òpó ilẹ̀kùn fún onílé. Mẹ́rin la fà, ẹyọ kan péré ló yẹ kó kù. Ẹ kà wọ́n kẹ́ ẹ tó nù wọ́n.